Àyíká, ìsopọ̀ tàbí àjọdá? Lórí ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe ìbátan ènìyàn pẹ̀lú ìyókù ẹ̀dá

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ará.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, nígbà tí àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn onírònú bá sọ pé nínú ẹ̀mí, ọ̀kan ni ènìyàn àti ilẹ̀ àti omi àti ẹranko, báwo la ó ṣe sọ ọ́ lédè wa? Ẹ̀gbọ́n wa kan ti dá àbá "ìsopọ̀ ẹ̀mí láàárín ènìyàn, àyíká àti àwùjọ". Ó dùn ún kà, ó sì yéni. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè fọwọ́ sí i.

Àyíká ni ohun tó yí nǹkan ká. Ta ni ó yí ká? Àwa ni. Bí a bá ti la ẹnu pe ọ̀rọ̀ yẹn, a ti gbé ara wa sí àárín, igi, odò àti ẹyẹ ti di ọgbà tó yí wa po. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí àti èéfín ni, àyíká tó bẹ́ẹ̀, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tí à ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn ń sọ gan-an ni pé ènìyàn kì í ṣe àárín gbùngbùn ohunkóhun. "Ìsopọ̀" náà ní àléébù tirẹ̀: ohun méjì tó ti dá dúró tẹ́lẹ̀ là ń so pọ̀, ohun tí a bá sì so, ó ṣeé tú.

Ẹ wo bí àwọn èdè mìíràn ti ṣe é. Ní èdè Hébérù, ènìyàn ń jẹ́ adam, ilẹ̀ ń jẹ́ adamah. A gbọ́ ọ̀kan nínú èkejì. Ní èdè àwọn Māori, àwọn ọmọ onílẹ̀ New Zealand, whenua ni ilẹ̀, whenua náà sì ni ibi ọmọ. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin New Zealand ṣe òfin ní 2017 pé odò Whanganui ní ẹ̀tọ́ bí ẹni tí òfin mọ̀, ohun tí àwọn tó ni odò náà ti ń sọ látayébáyé ni òfin wá bá: èmi ni odò, odò ni èmi. Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kò sọ pé wọ́n so òun mọ́ odò.

Ohun tí mo fẹ́ dábàá ni àjọdá. Mo fà á yọ lára àjọbí àti àjọgbé, ọ̀rọ̀ méjì tí Akinsola Akiwowo, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ àwùjọ ní Ifẹ̀, ti fi gbé èrò ńlá kalẹ̀. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ pa pọ̀ ni àjọbí. Àwọn tí ibùgbé pa pọ̀ ni àjọgbé. Ó ku àwọn tí wíwà lásán ti pa pọ̀, tí ọwọ́ kan náà mọ, wọn ò sì tíì ní orúkọ. Àwọn wọ̀nyí ni mo pè ní àjọdá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn á sì jẹ́ alájọdá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo kọ́kọ́ fi hàn takò mí. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ àjọdá yóò rò pé àwọn tó pawọ́ pọ̀ dá nǹkan sílẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí àjọṣe ti jẹ́ ohun tí a jọ ṣe, tàbí kí ó tilẹ̀ rò pé owó ni a jọ dá. Àtakò gidi ni. Ṣùgbọ́n àjọbí ti ṣí ọ̀nà yẹn fún wa tipẹ́: àjọbí kì í ṣe àwọn tó jọ bímọ, àwọn tí a bí láti orísun kan náà ni. Etí Yorùbá gba èyí láìjanpata, kò sì sí ìdí tí kò fi ní gba àjọdá.

Ẹlòmíràn á ní kí la wá fi àsùwàdà ṣe, èyí tí Akiwowo kan náà mú wá láti inú ẹsẹ Ifá tó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1986? Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni. Bí igi ṣe ń ṣù jọ tí wọ́n fi ń di igbó ló ń sọ. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ló dárúkọ, kò dárúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mi ò lè pe igi kan ní àsùwàdà mi, ṣùgbọ́n mo lè pè é ní alájọdá mi.

"Ẹ̀dá ẹlẹgbẹ́ wa" ńkọ́? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù. Ní nǹkan bí 1225, kí Francis ti Assisi, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, tó kú, ó kọ orin kan tó ti ń pe oòrùn ní arákùnrin, tó ń pe omi ní arábìnrin. Ẹ gbìyànjú kí ẹ túmọ̀ rẹ̀. Èdè wa kò kọ́kọ́ bi wá bóyá akọ ni tàbí abo. Ó ń bi wá ta ló ṣáájú. Oòrùn ha lè jẹ́ àbúrò ènìyàn bí? Nínú Jẹ́nẹ́sísì, ọjọ́ kẹrin ni oòrùn dé, ọjọ́ karùn-ún ni ẹja àti ẹyẹ, ọjọ́ kẹfà ni ẹranko ilẹ̀, ẹ̀yìn wọn ni ènìyàn tó dé. Yorùbá tó bá fẹ́ túmọ̀ orin yẹn dáadáa kò lè yẹra fún "ẹ̀gbọ́n wa, Oòrùn". Àwa ni àbúrò pátápátá. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kò bá a mu. Àjọdá fi ààyè sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, bí àjọbí ti fi í sílẹ̀. (Ẹni tó bá tọ́ka sí "ẹ máa jọba lórí ẹja òkun" nínú orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì, kó ka orí kejì pẹ̀lú, níbi tí a ti fi ènìyàn sínú ọgbà láti máa ro ó àti láti máa ṣọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó di "ro" níbẹ̀ ni wọ́n tún ń lò fún sísìn.)

Ní ti "àwùjọ", mo rò pé kí a yọ ọ́ kúrò bí ẹ̀ka kẹta. Kùránì, orí kẹfà, ẹsẹ 38, sọ pé gbogbo ẹranko orí ilẹ̀ àti ẹyẹ tó ń fi ìyẹ́ méjèèjì fò jẹ́ ìjọ bíi tiyín, ọ̀rọ̀ tó sì lò fún wọn náà ni wọ́n ń lò fún ìjọ ènìyàn. Àwùjọ ti wà nínú àjọdá.

Ohun kan ló ṣì ń kọ mí lóminú. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí, "ẹ̀dá" ti di ènìyàn nìkan: wọ́n á ní "ẹ̀dá ò láròpin", kò sì sẹ́ni tó ń ronú kan òkúta tàbí eèrà. Bí àjọdá bá lọ kó sínú ihò yẹn, asán ni gbogbo akitiyan yìí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbọ́ èdè ju mi lọ, ṣé ẹ rántí ibi tí wọ́n ti ń lo "ẹ̀dá" fún omi tàbí òkúta láìfi àlàyé kún un? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ gbólóhùn náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ.