Ṣé diode lè rọ́pò GZ34 nínú ampilifáyà onítúùbù?

Onígìtá Ṣómólú:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ampilifáyà gìtá kan ni: EL34 méjì (túùbù tó ń gbé ohùn jáde), GZ34 kan (túùbù tó ń sọ iná AC di DC), tíránsífọ́mà 325-0-325 (fóòtì 325 lápá kọ̀ọ̀kan). GZ34 ti kú. Wọ́n ní kí n so diode 1N4007 méjì (ọ̀nà kan ṣoṣo ni diode ń jẹ́ kí iná gbà) sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, pé iṣẹ́ kan náà ni. Capacitor àkọ́kọ́ (tó ń tọ́jú iná lẹ́yìn GZ34) jẹ́ 50 µF, 450 fóòtì. Ṣé kò léwu? Ṣé ohùn rẹ̀ ò ní yí padà?

Ẹlẹ́rọ Ọ̀jọ́:
Ẹ má tíì tàn án o. Ṣóńṣó iná AC 325 jẹ́ 325 lọ́nà 1.414, ìyẹn nǹkan bí 460 fóòtì. GZ34 máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbóná, EL34 náà á sì ti máa gbóná lọ, wọ́n á jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Diode kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti tẹ switch báyìí, 460 ti gun orí capacitor 450, kò sì tíì sí túùbù tó ń fa iná. Tí iná NEPA bá wá fò dé 250 dípò 230, ó di nǹkan bí 500. Capacitor yẹn lè wú, kó sì bẹ́.

1N4007 ẹyọ kan lápá kan ò tó rárá. Nígbà tí apá kan bá ń ṣiṣẹ́, ìlọ́po méjì ló ń ti apá kejì lẹ́yìn: 920 fóòtì nígbà tí NEPA wà ní 230, nǹkan bí 1,000 ní 250. 1,000 gan-an sì ni òpin agbára rẹ̀! Ẹ to méjì tẹ̀léra lápá kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin lápapọ̀: anode (ẹnu tí kò ní ìlà) sí pin 4 àti pin 6 sọ́kẹ́ẹ̀tì GZ34. Ẹ so ẹnu tó ní ìlà fàdákà pọ̀, kó gba inú resistor 100 Ω, 10 wáàtì, kó tó dé pin 8. Ẹ fi pin 2 sílẹ̀.

Ẹ yọ capacitor 50 µF yẹn, kí ẹ to 100 µF, 350 fóòtì méjì tẹ̀léra dípò rẹ̀, pẹ̀lú resistor 220 kΩ, 2 wáàtì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yẹ àwọn capacitor tó kù wò náà.

Ọ̀gá Sọ́dà Yábàá:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ní ti ohùn: bí ẹ bá ta gìtá kíkankíkan, GZ34 máa ń jẹ fóòtì bíi mẹ́tàdínlógún, diode ò jẹ ju ẹyọ kan sí méjì lọ. Fóòtì tí GZ34 ń jẹ yẹn ló ń mú ohùn rọ̀ díẹ̀; resistor 100 Ω yẹn á dá díẹ̀ padà nínú ìrọ̀rùn yẹn. Fún gìtá jùjú tó ń sáré tẹ̀lé gángan, diode ló wù mí, torí okùn á dún ketekete. Bó bá jẹ́ Class A olótúùbù kan ni (tí iná tó ń fa kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà), ẹ lè má gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Bias (iná tí EL34 ń fa nígbà tí ẹ ò ta gìtá) ni kẹ́ ẹ tún ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ fi resistor 1 Ω sáàárín cathode EL34 kọ̀ọ̀kan àti chassis. 1 mV jẹ́ 1 mA. Ní 430 fóòtì, ẹ má jẹ́ kó ju 40 mA lọ.

Onígìtá Ṣómólú:
Ẹ ṣé gan-an. Tí n bá rí túùbù 5Y3 tàbí 5U4GB rà ní Alábà láti fi rọ́pò GZ34 ńkọ́?

Ẹlẹ́rọ Ọ̀jọ́:
5Y3 ò lè gbé e, 125 mA ni òpin iná tó lè gbé jáde. 5U4GB ń fa 3 A láti fi gbóná níbi tí GZ34 ti ń fa 1.9 A, wáyà 5 fóòtì inú tíránsífọ́mà yín lè jó. GZ34 mìíràn ni kẹ́ ẹ rà bẹ́ ẹ bá fẹ́ túùbù, kí ẹ sì ṣọ́ ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Bí NEPA bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì gbà á lójú ẹsẹ̀, capacitor ti ṣófo, cathode ṣì gbóná, iná á ya wọlé gbùà. Ẹ pa á kí ẹ tó yí changeover, kó tutù fún ìṣẹ́jú kan.

Kẹ́ ẹ tó kan inú rẹ̀: ẹ yọ plug, ẹ fi resistor 10 kΩ, 10 wáàtì fa iná capacitor dà sí chassis, títí mítà yóò fi wá sísàlẹ̀ 10 fóòtì.