Òrùka irin tàbí òjò àtọwọ́dá: kí ló yẹ fún pápá ìjẹko?

ọmọ_òkèògùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Pápá ìjẹko kan lápá Sakí ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé. Màlúù ń jẹ ìhà kan. Wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún ṣọgbà yí ìhà kejì ká, ẹran kì í wọ ibẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá pátákò màlúù ló ń sọ òjò di ọ̀gbàrá. Òrùka irin onípele méjì (30 cm nínú 60 cm), tí wọ́n ń da omi sí láti wọn bó ṣe ń yára wọlẹ̀, nìkan la ní. Ṣé ó tó? Àwọn kan sì ń sọ pé pátákò máa ń fọ́ èépá ojú ilẹ̀ kí omi lè ráyè wọlé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

aláwòòjò:
Àbúrò, òrùka yẹn wúlò fún oko tí à ń bomi rin. Ní ti ọ̀gbàrá, ó máa ń tan èèyàn. Omi inú rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ ni, kò lu ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán òjò tó ń lu ilẹ̀ tí kò ní koríko lórí ló ń fọ́ ọ sí lẹ́búlẹ́bú. Lẹ́búlẹ́bú yìí ló ń dí ihò tí omi ń gbà wọlẹ̀, tó bá gbẹ tán ló ń di èépá. Òrùka kì í rí ìyẹn. Bí o bá tún gbá irin wọ ilẹ̀ líle lẹ́ẹ̀rùn, ilẹ̀ á sán létí irin, omi á gbabẹ̀ sá lọ. Òǹkà rẹ á ga ju ti òjò gidi lọ, ibi tí ẹran ti jẹ koríko tán gan-an ni àṣìṣe náà á sì ti pọ̀ jù.

Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà lọ́wọ́, fi pátákó lé e lórí kí o tó fi òòlù gbá a, kó wọlẹ̀ 10 cm láì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ́ àpò sínú kí o tó da omi sí i, kí ojú ilẹ̀ má bàa dàrú, kí o sì yọ àpò náà. Jẹ́ kí omi ga tó 5 cm nínú òrùka méjèèjì. Bí ti òde bá rẹlẹ̀, omi inú á máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kó lọ sísàlẹ̀. Kà á ní ìṣẹ́jú 1, 2, 5, 10, 20, 30, lẹ́yìn náà ní ìṣẹ́jú 15-15 títí yóò fi dúró sójú kan.

omi_garawa:
Ẹ wá ẹ̀rọ òjò àtọwọ́dá yá. Irin pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi yí ilẹ̀ 1 m² ká, kó wọlẹ̀ 5 cm, kí ẹ dá ojú kan sí ní ìsàlẹ̀ tí omi á gbà ṣàn sínú garawa. Ẹ ṣètò òjò sí 100 mm ní wákàtí kan. Ẹ kọ́kọ́ to agolo 25 sábẹ́ rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ń rọ̀ dọ́gba. Bí òṣùwọ̀n Christiansen, tó ń sọ bí òjò ṣe dọ́gba tó, kò bá tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ tún agbára pọ́ǹpù ṣe. Ẹ rin ilẹ̀ náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ọ̀rinrin lè bára mu níbi gbogbo.

Mìlímítà 1 lórí 1 m² jẹ́ lítà 1. Fún ìṣẹ́jú 45, lítà 75 ló máa bọ́ sórí ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ gbé ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ dání torí èyí tó ń fọ́n sóde. Bí lítà 3 bá ṣàn jáde láàárín ìṣẹ́jú 5, ọ̀gbàrá jẹ́ 36 mm ní wákàtí kan, 64 ló wọlẹ̀. Ẹ ro omi garawa dáadáa kí ẹ tó bu lítà 1 fún gbígbẹ (105°C, wákàtí 24), kí ẹ lè wọn ilẹ̀ tó bá omi lọ. Iyanrìn máa ń sùn sísàlẹ̀. Ẹni tó bá bu omi òkè nìkan á ní ilẹ̀ òun kò lọ.

Ẹ má sọ iye ilẹ̀ tó lọ lórí 1 m² di ti hẹ́kítà o. Kòtò tí ọ̀gbàrá ń gbẹ́ sí ipa ẹsẹ̀ màlúù kò sí nínú òǹkà yẹn.

aláwòòjò:
Lórí ọ̀rọ̀ pátákò: Warren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Sonora, Texas, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní 1986. Bí ẹran ṣe ń pọ̀ sí i ni omi tó ń wọlẹ̀ ń dín kù, tí ilẹ̀ tó ń lọ ń pọ̀ sí i. Ó burú jù nígbà tí ilẹ̀ bá rin. Ìsinmi ọgbọ̀n ọjọ́ kò tó láti tún un ṣe. Èépá fọ́ lóòótọ́, àmọ́ òjò àkọ́kọ́ tún un dí.

ọmọ_òkèògùn:
Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n sun ìhà tí màlúù ń jẹ ní oṣù kìíní kí koríko tútù lè hù. Iná kò dé inú ọgbà. Ṣé ó kan iṣẹ́ mi?

omi_garawa:
Ó kàn án púpọ̀. Òjò líle àkọ́kọ́ á bá ilẹ̀ ní ìhòòhò, ẹ ò sì ní mọ èyí tí iná ṣe yàtọ̀ sí ti pátákò. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, fi hàn ní àwọn ọdún 1970 pé bí pàǹtí koríko bá bo ilẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́ lọ. Ẹ ta okùn 30 m, kí ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ ní 50 cm-50 cm: ìdí koríko, ewé gbígbẹ, òkúta, tàbí ilẹ̀ lásán. Ẹ fi agolo 100 cm³ gé ilẹ̀ ní 0–5 cm, torí ibẹ̀ ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti ń hàn jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba àṣẹ, ẹ ro etí ibì kan nínú ọgbà mọ́ tó mítà 5, kí ẹ sun ún, kí ẹ sì dá ibì kan sí ní ìhà màlúù tí iná kò ní dé lọ́dún tó ń bọ̀. Ilẹ̀ oríṣi mẹ́rin nìyẹn: ìhà màlúù àti inú ọgbà, èyí tí iná jó àti èyí tí kò jó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọgbà kan ṣoṣo kò sì tó. Bí ẹ bá wọn ojú méwàá nínú rẹ̀, ọgbà kan náà ni. Ẹ wá ọgbà méjì sí i.