“Pa” kò bá Piriton mu: lórí “apahísítámìnì”

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o.

Níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn oògùn, ẹ̀gbọ́n wa tó dá “apahísítámìnì” (antihistamine) sílẹ̀ fún Piriton, oògùn ara yíyún, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí a gbà á bẹ́ẹ̀, torí pé a ti ní “apakòkòrò” tẹ́lẹ̀. Mo fara mọ́ “a-” iwájú rẹ̀. “Pa” àárín rẹ̀ ni mi ò lè gbé mì.

Kòkòrò tó gba apakòkòrò sára, ó kú nìyẹn. Hísítámìnì, èròjà ara tó ń fa yíyún, kì í kú lọ́wọ́ Piriton. Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ló wà, lábẹ́ awọ, nínú imú, nínú ẹ̀dọ̀fóró, ní hóró hóró. Bí ara bá kọ oúnjẹ kan, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí á tú u dà síta, á sì lọ wọ̀ sí ibùwọ̀ rẹ̀ (receptor) lára iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí. Iṣan á fẹ̀, omi á jò jáde lára rẹ̀, awọ á wú, á pọ́n, á máa yún. Piriton kàn ń jókòó sí ibùwọ̀ yẹn ni. Hísítámìnì ṣì wà lóde, kò ríbi wọ̀ ni. Bí wákàtí 4 sí 6 bá kọjá tí oògùn kúrò níjòókòó, tí ohun tó fa wàhálà kò sì tíì lọ, yíyún tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi sàn kí ẹni tí eruku máa ń mú sín lo tirẹ̀ kó tó gbá ilẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni àga.

“Adíbùwọ̀” ni tèmi. Ọmọ ìyá ibùsùn, ibùgbé àti ibùjókòó ni ibùwọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ sórí “wọ̀”, bíi ti àlejò tó wọ̀ sílé ẹni. Bí ẹ bá gbé e sókè, ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé lẹ ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n ní “pa” kì í ṣe ikú nìkan, pé à ń pa iná, à ń pa òùngbẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná tí a pa kò sí mọ́, hísítámìnì sì wà. Ẹ tún wo inú ikùn: hísítámìnì kan náà ní ibùwọ̀ mìíràn níbẹ̀, òun ló ń mú kí omi kíkan sun. Piriton kò lè dí ìyẹn. Cimetidine, oògùn ọgbẹ́ inú tí ikọ̀ onímọ̀ oògùn James Black ṣe, ló ń dí i. Bó bá jẹ́ pípa ni, oògùn kan ì bá tó fún méjèèjì. Ẹ sì rántí ayé chloroquine, oògùn ibà tó máa ń mú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn yún, kí Nàìjíríà tó fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2005. Ọ̀pọ̀ ló ń fi Piriton tì í; yíyún á rọlẹ̀ díẹ̀, kò ní tán, torí pé hísítámìnì nìkan kọ́ ló ń fà á.

Ibi tí “pa” ti yẹ ni aspirin. Onímọ̀ oògùn John Vane fi hàn lọ́dún 1971 pé kì í jẹ́ kí ara rọ prostaglandin, èròjà tó ń dá kún ìrora àti wíwú. Ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì) tó ń rọ ọ́ ni alágbẹ̀dẹ. Aspirin á sọ ọ́ di aláìlọ́wọ́ títí láé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kò lè ṣe alágbẹ̀dẹ mìíràn, wọn á wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10 tí wọ́n ní láyé. “Apalágbẹ̀dẹ” nìyẹn, mo fọwọ́ sí i. Ẹ má fi ibuprofen, oògùn ìrora mìíràn, kún un o: ó kàn ń di alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́ mú fún wákàtí díẹ̀ ni, bí ẹ bá sì kọ́kọ́ lò ó, ó lè má jẹ́ kí aspirin débi iṣẹ́.

Ní ti ẹni tó pe hísítámìnì àti prostaglandin ní “òjíṣẹ́ ara”: òjíṣẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́. Àrokò làwọn wọ̀nyí. Ẹni tó gbà á ló ń túmọ̀ rẹ̀, ní awọ ó di yíyún, ní ikùn ó di omi kíkan. Họ́mónù ló ń gun ẹ̀jẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn; ti àwọn wọ̀nyí kì í kúrò ní àdúgbò, ni mo ṣe ní “àrokò agboolé”. Àǹtí wa kan ti kọ̀ ọ́, wọ́n ní ìlú sí ìlú làwọn àgbà ń fi àrokò ránṣẹ́ sí, kì í ṣe yàrá sí yàrá. Mi ò gbà. Ẹnì kan a máa fi ẹyọ owó pàrokò sí ẹnì kejì náà.