"Oníhò" kọ́ ni ọta yẹn, "abẹ̀tù" ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Àkúrẹ́.

Àbúrò wa tó ń gbé ní Virginia, tó ń fi ẹ̀rọ awárin wá irin ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861 sí 1865), béèrè orúkọ tí à ń pe irin rìbìtì oníhò kan tí wọ́n fi àgbá yìn nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn ní "ọta oníhò" ni, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ tèmi kò sí níbẹ̀.

"Oní-" yẹn ló ń bí mi nínú. Ẹni tó pàtẹ ìwo sọ́jà ni oníwo. Màlúù tí ìwo hù lórí rẹ̀, abìwo ni. Ẹyẹ ń jẹ́ abìyẹ́, ẹni tí iké wà lẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ́ abuké. Ohun tó bá ti di ara mọ́ni lára, "abi-" làwọn baba wa fi ń pè é. Ẹ má fi "onírùngbọ̀n" dá mi lóhùn o. Irùngbọ̀n ṣeé fá.

Èkejì, ihò kọ́ lọ̀rọ̀. Irin tó dì gbagidi, ọta gidi nìyẹn, bí a ti ń pe òkúta òrìṣà ní ọta. Èyí tó fẹ̀ tó íǹṣì 4.5 máa ń wọn nǹkan bíi pọ́n-ùn 12. Àbúrò wa ní òun gbé tòun lé òṣùwọ̀n, fífẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò pé pọ́n-ùn 9. Inú rẹ̀ ṣófo nìyẹn, ẹ̀tù ni wọ́n sì ń kì síbẹ̀. Ojú ihò ni ohun tó ń dáná sí ẹ̀tù ń gbé. Irú ohun ìdáná yìí tí wọ́n ń pè ní Bormann ní nọ́ńbà lójú, títí dé ìṣẹ́jú àáyá 5 àti ìdá mẹ́rin kan. Ibi tí ayìnbọn bá lu níbẹ̀ ni àkókò tí yóò bú. Ìpẹtà lè dí ihò yẹn pa tí ojú kò ní rí i mọ́. Kí ni ẹ ó wá máa pè é nígbà náà? Ní Virginia yẹn náà, ní 2008, ọ̀kan bú mọ́ ọkùnrin kan tó ń fọ̀ ọ́ nílé ara rẹ̀, ó sì pa á. Ẹ̀tù ló pa á.

Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, nínú igbó Òndó. Wọn á kì ẹ̀tù sínú ṣakabùlà, wọn á wá fi ọta lé e. Bí wọ́n bá yìn ín, ẹ̀tù á jó tán sínú ìbọn, ọta á lọ. Nínú ti òyìnbó yìí, ọta gbé ẹ̀tù tirẹ̀ dání lọ bá ọ̀tá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní "ọta abẹ̀tù". Àdó olóró kò tó: kò sọ pé ìbọn ló yìn ín. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn méjèèjì sí ẹ̀tù. Ẹnìkan ti kọ "abẹtù" lánàá. Ẹtù, ẹyẹ ni, ẹtu sì ni ẹran ìgbẹ́.

Ẹni tó ní ká máa pe àgbá ní "kírìjì" nítorí ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá Èkìtìparapọ̀ jà, 1877 sí 1893, n kò gbà. Ariwo ìbọn ló fún ogun yẹn lórúkọ. Ará Èkó náà gbọ́ ariwo àgbá tí òyìnbó yìn lù wọ́n ní 1851, wọ́n pè é ní Agidìngbì. Ṣé àgbá á wá ní orúkọ méjì ni? Ará Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì nítòsí rẹ̀, tó wà láàrin wa lè bínú sí mi, kó bínú.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Òótọ́ ni, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì sọ ohun tí oníwo ń tà.

Àbúrò, má fọ irin yẹn, má sì gbẹ́ ihò rẹ̀. Fi í sílẹ̀ níta, kí o pe ọlọ́pàá.