Ẹ̀yìn mi ò gba odó mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iyán ni mò ń gún nílé oúnjẹ kan níbí l'Ádó-Èkìtì, ọdún kẹsàn-án rèé. Ó ti tó oṣù méjì tí ìrora ti ń ti ìbàdí mi bọ́ sí ìdí ọ̀tún, á wá gba ẹ̀yìn itan sọ̀ kalẹ̀ dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Bí mo bá sín báyìí, ara mi á gbọ̀n rìrì. Wọ́n ya àwòrán MRI, wọ́n ní ohun rírọ̀ tó dà bíi tìmùtìmù láàárín egungun ẹ̀yìn mi, L4 sí L5 (ìkẹrin àti ìkarùn-ún níbi ìbàdí), ti wú yọ síta, ó ń tẹ iṣan ìmọ̀lára tó lọ sẹ́sẹ̀. Dókítà ní kí n sinmi. Bí n ò bá gún iyán, kí lọmọ mẹ́ta máa jẹ? Aládùúgbò mi kan tún ní òun á fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́yìn, pé á padà sáyè ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bírikìlà Ìkéré: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn yín o, mo bẹ̀ yín. Àpò sìmẹ́ńtì ló ṣe tèmi, kílò 50, èmi nìkan ni mo máa ń dá a gbé. Mo dùbúlẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìgbà tí mo dìde, ẹ̀yìn ti gan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìrìn ló bá mi tún un ṣe. Láràárọ̀ ni mò ń rìn lọ sápá òkè Olósùnta, iṣẹ́jú 10 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, èèyàn méjì ló ń gbé àpò kan níbi iṣẹ́ wa.

Fisió (elétò ìlera tó ń fi ìdárayá wo ìrora ara), Ìdó-Èkìtì: Ẹ kú ìrora, mà. Ọ̀pọ̀ irú èyí ló ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, láìsí iṣẹ́ abẹ. Ẹ má sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kọjá ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ yín dáadáa. Nígbà tí ẹ bá ń kó iyán nínú odó, ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tún ń yí ìbàdí síbi tí abọ́ wà. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣe yín léṣe. Ẹ jókòó sórí àpótí kó o, kí abọ́ wà níwájú yín. Bí ẹ bá ń gún un, ẹsẹ̀ kan síwájú, orúnkún rọ̀ díẹ̀, kí ẹlòmíì mú ọmọ odó kejì. Ìkòkò iṣu, ẹ má dá a sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tó ń dà fúnra ẹ̀, bí abẹ́ yín bá kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ yẹn.

Màmá Ọlọ́bẹ̀: Ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́, ọmọ mi. Ẹ má pa á mọ́ra. Ọbẹ̀ náà ń fẹ́ ẹni tó máa dúró tì í. Ẹ má sì lo oògùn ìrora lórí ikùn òfìfo, ó ti dá ọgbẹ́ inú sí mi lára rí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀gá mi gbà, ọ̀dọ́kùnrin kan ló ń gún ti àárọ̀ báyìí. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí mo ti ń jókòó kó iyán. Ìdí ṣì ń dùn mí, àmọ́ kò dé àtàǹpàkò mọ́, orúnkún ló ń dúró sí.

Fisió, Ìdó-Èkìtì: Inú mi dùn, mà. Bí ó bá ti ń kúrò lẹ́sẹ̀ padà sókè báyẹn, ó ń sàn nìyẹn. Ẹ máa rìn lọ.