Vertices ellipse: ṣé ìwé ló ṣì í ni àbí kí ló ṣẹlẹ̀?

OmoOwa_Ilesa
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tíṣà. Àbúrò mi fẹ́ kọ WAEC, Further Maths la jọ ń kà níbí ní Iléṣà, circle ò yọ wá lẹ́nu rárá àmọ́ ellipse, ìyẹn circle tí wọ́n fà gùn, ti fẹ́ sọ wá di wèrè. Ìwé ní tó bá jẹ́ x²/a² + y²/b² = 1, vertices ẹ̀ ni (a, 0) àti (−a, 0). Ó dáa. Wọ́n wá fún wa ní 25x² + 9y² = 225, a fi 225 pín gbogbo ẹ̀, ó di x²/9 + y²/25 = 1, ọmọ yìí ní (3, 0) àti (−3, 0), ẹ̀yìn ìwé ní (0, 5) àti (0, −5). Ẹ gbà wá o.

Tisa_Lagere
Ìwé ò ṣì í jàre. Ẹ̀yin ẹ ti so a mọ́ x, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá tóbi jù nínú nọ́ńbà méjì tó wà nísàlẹ̀ ni a², ì báà wà lábẹ́ x, ì báà wà lábẹ́ y. 25 ló tóbi, abẹ́ y ló wà, ellipse yín nàró ni, kò sùn. Vertices ni ibi méjì tó jìnnà sí àárín jù lọ. (3, 0) àti (−3, 0) náà wà lórí ẹ̀ o, co-vertices ni wọ́n ń pè wọ́n.

Iya_Ife
Kó má lọ kọ (0, 25) o! Róòtù ẹ̀ ni kó mú. Wọ́n máa ń ṣe é gan-an.

Kapenta_Sabo
Ẹ jẹ́ kó fà á fúnra ẹ̀. Kó kan ìṣó méjì mọ́ pátákó, kí ọ̀kan wà lókè èkejì, 8cm láàárín wọn, torí 25 − 9 jẹ́ 16, róòtù ẹ̀ 4, foci, ìyẹn ibi tí ìṣó méjèèjì wà, á bọ́ sí (0, 4) àti (0, −4). Kó so òwú 10cm mọ́ ìṣó méjèèjì, kó fi pẹ́ńsù na òwú náà le dáadáa kó máa yí i lọ. Tó bá dókè pátápátá, 1cm ló kù sí ìṣó òkè, 9cm sí ti ìsàlẹ̀. Vertex nìyẹn. Tó bá dé ẹ̀gbẹ́, 5 àti 5 ni. Mẹ́wàá náà ni.

OmoOwa_Ilesa
Haa, ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n! Tó bá wá jẹ́ (x − 2)²/9 + (y + 1)²/25 = 1 ńkọ́?

Tisa_Lagere
Àárín ló kúrò níbi tó wà, ó ti lọ sí (2, −1). Ẹ má fọwọ́ kan 2 yẹn, ẹ gòkè 5, ẹ sọ̀kalẹ̀ 5: (2, 4) àti (2, −6).