Mo rí akíka láàyè lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́: ṣé kí n rà á ni, àbí kí n máa lọ?

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ilé o. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mò ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ ní Èkó. Bí ọkọ̀ wa ṣe sún mọ́ Ẹ̀pẹ́, ọmọkùnrin kan na akíka sókè sí wa. Ìrù ló fi gbé e rọ̀, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mo rò pé ó ti kú, àfi bí mo ṣe rí i tó ń rọra ká ara rẹ̀ jọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra ọ̀kan báyìí lọ́wọ́ obìnrin kan nítorí àánú. Mo gbé e sínú páálí, mo fún un ní búrẹ́dì àti mílíìkì, kò fẹnu kàn án. Mo pe ọ́fíìsì kan tọ́rọ̀ kàn, wọ́n ní kí n mú un wá ní Mọ́ńdè. Ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè kò tíì ṣú tó fi kú. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sọ̀ kalẹ̀ rárá, mo kàn ń wẹ̀yìn títí a fi ṣẹ́ kọ́nà. Oorun kò kùn mí láti ìgbà náà. Kí ló yẹ kí n ṣe?

Ọ̀rẹ́ Ẹranko

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Akíka kò léyín, èèrà àti ikán ló ń fi ahọ́n lá. Ìpayà nìkan ti tó láti pa á.

Mo ti bá dókítà ẹranko ṣiṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń mú wọn lọ sídìí ọ̀gán, kí wọ́n fi èékánná ara wọn hú u. Wọ́n gbé ìyá kan wá lọ́jọ́ kan, ó ká jọ bíi bọ́ọ̀lù. A fi í sínú òkùnkùn, a dákẹ́. Nígbà tó tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ ló wà láyà rẹ̀, ìpẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀ bí èékánná ìkókó. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ má rà á mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Owó yín ni wọ́n máa fi ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n á fi wá òmíràn lálẹ́. Àwọn tó ń gba ẹranko là ni kẹ́ ẹ ké sí lójú ẹsẹ̀. Dókítà Mark Ofua ń gba ẹranko igbó là ní Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olajumoke Morenikeji ti Yunifásítì Ìbàdàn ló dá Pangolin Conservation Guild Nigeria sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo akíka.

Ọmọ Ọdẹ Ìmẹ̀kọ

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọ etí títì. Ọdẹ ni bàbá mi. Bí wọ́n bá ṣe kòńgẹ́ akíka, wọ́n á sè é, wọ́n á fún oníṣègùn ní ìpẹ́ díẹ̀. Wọn kì í tìtorí rẹ̀ wọgbó. Àwọn tó ń ra ìpẹ́ ní kílò ló ba nǹkan jẹ́.

Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè inú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, fẹnu kò ní Johannesburg láti fòfin de òwò akíka láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin 2019, tọ́ọ̀nù 12.9 ìpẹ́ ni wọ́n gbá mú ní Singapore nínú kọ̀ntéínà kan tó ti Nàìjíríà ń lọ sí Vietnam. Ohun tí Ọlọ́run fi dá èékánná wa ló fi dá ìpẹ́ yẹn! Àwọn tó ni kọ̀ntéínà ni kí ìjọba dojú kọ.

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ń padà gba ọ̀nà yẹn ní Sátidé. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi láìgbowó ńkọ́?

Ọ̀rẹ́ Ẹranko

Ẹ gbé páálí tó ga dání mà, kẹ́ ẹ dá ihò sí i lára, kẹ́ ẹ fi aṣọ dúdú bò ó. Omi díẹ̀ nínú abọ́ pẹlẹbẹ, kò sóúnjẹ. Ẹ pa rédíò ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kó sùn nílé yín o, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ gbà lọ tààrà.